Bí A Ṣe Ń Ṣe Àyẹ̀wò Kòkòrò Tí Oògùn Kò Ràn Mọ́: Láti Inú Ike Ìtọ̀ Dé Orí Ìwé Èsì

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi wá lójú fèrèsé láàbù: "Dókítà kọ m/c/s sínú ìwé fún mi. Kí ni kí n ṣe, kí ló sì dé tí ẹ fi ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta?" Àwọn mìíràn ti gba èsì tiwọn tán, wọ́n ń wo S, I àti R lórí bébà, wọn kò sì mọ èyí tí wọn yóò dì mú. Ìtọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé òun ni aláìsàn máa ń gbà fúnra rẹ̀, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tí ẹ̀jẹ̀, egbò tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ti yàtọ̀, mo ti sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni m/c/s dúró fún. A ó kọ́kọ́ fi maikirosíkóòpù wo ìtọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, a ó gbin ín sínú àwo kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù. Ìgbà tó bá hù ni a ó tó dán oògùn apakòkòrò, ìyẹn àwọn tí a mọ̀ sí antibiotics, wò lára rẹ̀. Iṣẹ́ kẹta yìí ló ń fi oògùn tí kòkòrò náà ti borí hàn. Kò sí bí a ṣe lè dán oògùn wò lára ohun tí kò tíì hù, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ mẹ́ta fi ń kọjá.

Kí ẹ tó mú ike dání

1. Ẹ rántí oògùn tí ẹ ti lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìwọ̀n oògùn apakòkòrò kan péré lè dín kòkòrò inú ìtọ̀ kù débi tí kò ní lè hù nínú àwo. Èsì yóò ní kò sí nǹkan kan, àrùn yóò sì ṣì wà lára. Èmi kò sọ pé kí ẹ dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró nítorí àyẹ̀wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ orúkọ oògùn náà, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn sórí fọ́ọ̀mù. Èyí tí ẹ rà fúnra yín ní kẹ́míìsì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí aládùúgbò yọ fún yín nínú tirẹ̀. Ẹ má tijú láti sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá fi pamọ́ fún wa, ara rẹ̀ ló fi pamọ́ fún.

2. Ẹ wò ó bóyá àmì àrùn wà lóòótọ́. Àmì tó yẹ kó gbé ènìyàn dé láàbù ni ìtọ̀ tó ń ta bí ata, ìtọ̀ tó ń gbọn ènìyàn lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ní gbogbo ìgbà, ìrora nísàlẹ̀ ikùn, tàbí ibà. Ìtọ̀ tó pọ́n tàbí tó ń rùn nìkan kò tó, nítorí pé omi tí ẹ kò mu lè fa ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń gbé bakitéríà kiri nínú ìtọ̀ láìsí wàhálà kankan. Bí a bá yẹ̀ wọ́n wò, a ó rí i, ẹnìkan yóò sì fún wọn ní oògùn tí ara wọn kò nílò, èyí tí yóò kàn kọ́ kòkòrò náà bí a ṣe ń borí oògùn. Aláboyún àti ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọ̀nà ìtọ̀ ni a máa ń yẹ̀ wò bí wọn kò tilẹ̀ ní àmì kankan.

3. Ẹ gba ike ní láàbù. Ike náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ sì ń yí dé. Mo ti gba ìtọ̀ nínú ike ìpara rí, mo ti gbà á nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo sì ti gbà á nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ti fi omi gbígbóná ṣan án. Omi gbígbóná tí a fi ṣan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kò sọ ọ́ di èyí tí kò ní kòkòrò.

4. Ẹ béèrè àkókò tí wọ́n ń gba ìtọ̀. Láàbù mìíràn kì í gbin nǹkan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ka àwo náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìkìlọ̀: Bí ibà líle bá mú yín, tí òtútù ń gbọ̀n yín, tí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ń ro yín, tí ẹ ń bì, tàbí tí ẹ lóyún tí ara yín kò sì yá, ẹ má jókòó sílé de èsì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn yóò gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ yín, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bí èsì bá sì dé, wọn yóò yí oògùn padà bó bá yẹ.

Bí ẹ ó ṣe gba ìtọ̀ náà

Ìtọ̀ àárín ni a fẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ń gbá kòkòrò ẹnu ọ̀nà lọ, kò sì sọ ohun tó wà nínú àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé ṣe, èyí tó ti tó wákàtí mẹ́rin nínú àpò ìtọ̀ náà yóò ṣe é.

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì nù ún gbẹ.
2. Ẹ fi omi lásán fọ ojú ara. Kí obìnrin fọ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Kí ọkùnrin fọ orí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, kí ẹni tí kò dábẹ́ sì fa awọ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó fọ̀ ọ́. Ẹ má lo omi apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé tàbí èyí tí a ń dà sínú omi ìwẹ̀, nítorí pé yóò kán sínú ike, yóò sì pa kòkòrò tí a ń wá.
3. Ẹ ṣí ike náà. Ẹ má fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ tàbí inú ìdérí rẹ̀, ẹ má sì gbé ìdérí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
4. Kí obìnrin fi ìka ọwọ́ kan ya ètè ojú ara sọ́tọ̀, kí ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi parí.
5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí ilé ìyàgbẹ́. Láìdá ìtọ̀ náà dúró, ẹ gbé ike sí i, kí ẹ gba nǹkan bí 10 sí 20 mílílítà. Kò yẹ kó kún dé ẹnu.
6. Ẹ gbé ike kúrò nígbà tí ìtọ̀ ṣì ń jáde, kí ẹ sì tọ ìyókù sílẹ̀.
7. Ẹ dé e pinpin. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sí ara ike, ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí, nítorí pé ike àti ìdérí máa ń pínyà lórí tábìlì wa.

Bí obìnrin bá wà nínú nǹkan oṣù, ó sàn kí ó dúró di ìgbà tó bá parí, àfi bí ara kò bá gbà á. Nígbà náà, kí ó sọ fún láàbù.

Fún ọmọ ọwọ́, ọ̀rá tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ara ń kó kòkòrò awọ ara jọ, èsì rẹ̀ sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ fọ ọmọ náà mọ́, kí ẹnìkan gbé e, kí ẹnìkejì fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù rọra pa ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀, kí ike sì wà nítòsí. Bí ọmọ bá tọ̀, ẹ gbé ike sí i. Ó gba sùúrù. Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, ilé ìwòsàn lè gba ìtọ̀ náà nípa fífi rọ́bà tín-ínrín sí i.

Ẹni tó ní rọ́bà ìtọ̀ lára kò gbọ́dọ̀ gba ìtọ̀ nínú àpò tó so mọ́ ọn, nítorí pé ìtọ̀ inú àpò yẹn ti wà níbẹ̀ pẹ́. Kí nọ́ọ̀sì gbà á láti ojú ibi tí wọ́n dá sára rọ́bà náà fún un. Bí rọ́bà bá sì ti pẹ́ lára, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gba ìtọ̀.

Láti ilé dé láàbù

Bí ooru àti oúnjẹ bá bá a lára mu, E. coli, kòkòrò tó sábà máa ń fa àrùn ọ̀nà ìtọ̀, lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀: láàárín wákàtí méjì, ọ̀kan ti di 64. Nítorí náà, ìtọ̀ tí kòkòrò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní aago méje lè dà bí ìtọ̀ aláìsàn gidi ní aago mọ́kànlá, bí ó bá lo àárín àkókò náà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà.

- Kí ìtọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí méjì.
- Bí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ gbé e sínú fìríìjì, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Ẹ má gbé e sí fìrísà.
- Ẹ fi yìnyín sínú kúlà, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé ike náà kí omi yìnyín má baà wọ inú rẹ̀.
- Èyí tó rọrùn jù fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà ni kí ó lọ tọ̀ sínú ike ní láàbù gan-an.

Àwọn láàbù mìíràn ní ike tí a ti fi boric acid sínú rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ sì sábà máa ń pupa. Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba yóò ti rí i lọ́wọ́ dókítà wọn. Ó ń dá kòkòrò dúró láìpa á, ṣùgbọ́n kí ìtọ̀ dé ojú ìlà tí wọ́n fà sára ike náà, nítorí pé bí ìtọ̀ bá kéré, oògùn inú rẹ̀ yóò le jù fún kòkòrò, yóò sì pa á.

Ohun tí láàbù ń ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn

Ọjọ́ kìíní: A ó wo ìtọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù bóyá sẹ́ẹ̀lì funfun wà nínú rẹ̀. A ó fi wáyà ẹlẹ́nu róbótó, tí ìwọ̀n ohun tó ń gbé kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà lọ, fa ìtọ̀ sórí àwo ágà, ìyẹn oúnjẹ kòkòrò tó dì bí ẹ̀kọ, a ó sì gbé àwo náà sínú íńkúbétọ̀, àpótí tí ooru rẹ̀ kì í yí padà, ní ìwọ̀n 35 sí 37 fún wákàtí 18 sí 24.

Ọjọ́ kejì: A ó ka ìṣù kòkòrò tó hù. Bí ìṣù 100 bá hù láti inú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yẹn, 100,000 ló wà nínú mílílítà kan, iye yìí sì ni àwọn láàbù sábà máa ń fi ṣe ààlà. Obìnrin tí ìtọ̀ ń ta gidigidi lè ní àrùn bí iye náà tilẹ̀ kéré sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà fi àmì ara yín kún un kí ó tó dájọ́. Bí oríṣi kòkòrò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ó ṣeé ṣe kí ìtọ̀ náà ti kó ìdọ̀tí níbi tí a ti gbà á. Ẹ lọ gba òmíràn, ẹ má gba oògùn lórí rẹ̀. Bí oríṣi kan bá hù dáadáa, ọjọ́ kejì yìí ni a ó gbé e sí ìdánwò oògùn.

Ọjọ́ kẹta: A ó wọn bí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe lé kòkòrò sẹ́yìn tó, a ó sì kọ èsì.

Ẹ rí i báyìí pé bí láàbù kan bá gba ìtọ̀ yín láàárọ̀, tó sì fún yín ní èsì oògùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà nípa ọ̀nà àwo yìí, ìbéèrè wà láti bi wọ́n.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ní láàbù: ìdánwò dísìkì láìṣìṣe

Ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sí mi lórí apá yìí pọ̀, nítorí náà mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Dísìkì jẹ́ bébà róbótó kékeré tí a ti rẹ sínú ìwọ̀n oògùn kan. Oògùn náà ń tàn kálẹ̀ nínú ágà, ibi tí kòkòrò kò bá sì ti lè hù, tí a ń pè ní òfìfo, ni a ń wọ̀n.

1. Ẹ mú ìṣù mẹ́ta sí márùn-ún tó jọra láti orí àwo tó hù mọ́jú. Ẹ má mú un láti orí àwo tí kòkòrò oríṣiríṣi ti dàpọ̀, ẹ má sì da ìtọ̀ sórí ágà kí ẹ wá máa to dísìkì lé e lórí, bí mo ti rí i tí àwọn kan ń ṣe.
2. Ẹ po ó mọ́ omi iyọ̀ títí tí ìṣú rẹ̀ yóò fi bá ti túùbù ìdíwọ̀n tí a ń pè ní 0.5 McFarland mu. Ẹ fi káàdì tó ní ìlà dúdú sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tí a fi ń díwọ̀n. Bí ó bá ki jù, òfìfo yóò kéré, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ yóò dà bí èyí tó ti já; bí ó bá ṣàn jù, òdìkejì rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀, èyí sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ.
3. Láàárín 15 ìṣẹ́jú, ẹ ti igi òwú bọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara túùbù kí omi tó pọ̀ jù kúrò, kí ẹ sì fi pa gbogbo ojú ágà Mueller-Hinton ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ máa yí àwo bí ẹ ti ń pa á.
4. Láàárín 15 ìṣẹ́jú sí i, ẹ to dísìkì. Mẹ́fà ni kó pọ̀ jù lórí àwo 90 mìlímítà. Dísìkì tó bá ti kan ágà kò ṣeé sún kúrò níbi tó wà mọ́, nítorí pé oògùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.
5. Láàárín 15 ìṣẹ́jú mìíràn, ẹ dojú àwo délẹ̀ nínú íńkúbétọ̀ ní ìwọ̀n 35, fún wákàtí 16 sí 20.
6. Ẹ fi rúlà wọn òfìfo náà ní mìlímítà, dísìkì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi wé tábìlì ààlà òfìfo tí àjọ CLSI ti Amẹ́ríkà tàbí EUCAST ti Yúróòpù ṣe fún ọdún tí a wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún tábìlì náà ṣe.
7. Ẹ máa ṣe E. coli ATCC 25922, kòkòrò ìdíwọ̀n tí a ti mọ ààlà òfìfo rẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀. Bí òfìfo tirẹ̀ bá jáde kúrò ní ààlà, ẹ má fi èsì aláìsàn kankan sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni jíjìn ágà. Mìlímítà 4 ni ó yẹ kó jẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ágà ná ń da mìlímítà 2 sínú àwo, oògùn ń tàn jìnnà, gbogbo kòkòrò sì ń dà bí ẹni tó rọ̀. Èkejì ni iná. Dísìkì tí oògùn bí i ampicillin tàbí amoxicillin pẹ̀lú clavulanic acid wà nínú rẹ̀ kì í fara da ooru, nítorí náà fìríìjì tó ń kú tó ń jí pẹ̀lú iná ìjọba ń sọ dísìkì di bébà lásán, èsì á sì máa ní kòkòrò ti borí oògùn tí kò borí. Ẹ jẹ́ kí ike dísìkì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó ṣí i, kí omi má baà kó sí i lára.

Ẹ kọ orúkọ tábìlì tí ẹ lò sórí èsì. Ẹ wo ciprofloxacin 5 máíkírógíráàmù lára E. coli: bí òfìfo bá jẹ́ mìlímítà 25, CLSI yóò pè é ní I, EUCAST yóò pè é ní S. Kòkòrò kan náà ni, àwo kan náà ni.

Bí ceftazidime tàbí ceftriaxone bá já, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú dísìkì ceftazidime tó ní clavulanic acid nínú. Bí òfìfo rẹ̀ bá fi mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti ceftazidime nìkan, ẹ̀rí wà pé kòkòrò náà ń ṣe ESBL, ìyẹn ohun tó ń fọ́ oògùn ìdílé yẹn túútúú. Fún Staphylococcus aureus, dísìkì cefoxitin 30 máíkírógíráàmù ni kí ẹ fi wá MRSA, ìyẹn èyí tí methicillin kò ràn mọ́: mìlímítà 21 tàbí tó kéré sí i túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀. Ẹ má fi dísìkì dán colistin wò rárá, nítorí pé kì í tàn dáadáa nínú ágà.

Bí ẹ ó ṣe ka èsì

S túmọ̀ sí pé oògùn náà yẹ kó ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tí a máa ń lò. R túmọ̀ sí pé kòkòrò ti borí rẹ̀. I ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Láti 2019, EUCAST ti sọ ọ́ kedere pé I jẹ́ oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ bí a bá fún aláìsàn ní ìwọ̀n tó pọ̀ sí i, tàbí bí oògùn náà bá máa ń kó jọ sí ibi tí àrùn wà. Dókítà nìkan ló lè pinnu ìyẹn.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí nìyí:

- Mímú oògùn tí nọ́mbà rẹ̀ tóbi jù. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀. 20 lè dára fún ọ̀kan, kí ó sì burú fún èkejì. Ẹ wo lẹ́tà, ẹ má fi nọ́mbà wé nọ́mbà.
- Èsì tí wọ́n kọ "+", "++" àti "+++" sí. Àmì ìròpọ̀ kò sí nínú tábìlì kankan. Ẹ béèrè S, I tàbí R, àti mìlímítà rẹ̀.
- Rírò pé S kan náà ló wà fún gbogbo ara. Nitrofurantoin lè jẹ́ S, ó sì dára fún àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n kì í tó nǹkan nínú kíndìnrín tàbí nínú ẹ̀jẹ̀.
- Gbígba èsì tí kò lè jẹ́ òótọ́. Klebsiella kì í gbọ́ amoxicillin láti ìṣẹ̀dá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Proteus mirabilis sí nitrofurantoin, àti Enterococcus sí ceftriaxone. Bí èsì bá fún ọ̀kan nínú wọn ní S, kí láàbù tún un yẹ̀ wò.
- Fífi èsì ọdún tó kọjá ra oògùn lónìí, tàbí fífi ti ìyàwó tọ́jú ọkọ.

Bí kì í bá ṣe ìtọ̀

Ẹ̀jẹ̀: Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni yóò gbà á. Ohun tí ẹ lè máa wò ni pé kí wọ́n fi spirit nu awọ ara, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n má sì tún fi ìka kan ibẹ̀. Àgbàlagbà nílò 8 sí 10 mílílítà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì sàn kí a gbà á ní ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a lè mọ kòkòrò awọ ara yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgò yìí kì í wọ fìríìjì.

Egbò: Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn fọ ojú egbò náà, nítorí pé ọyún òkè kún fún kòkòrò tí kò ní ọwọ́ nínú àrùn. Ọyún tí a fi abẹ́rẹ́ fà láti inú sàn ju èyí tí a fi òwú nù lọ.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀: Èyí tó ti inú àyà wá lówùúrọ̀ ni, kì í ṣe itọ́. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni a ń fura sí, ẹ̀rọ GeneXpert ń sọ bóyá kòkòrò rẹ̀ wà àti bóyá rifampicin kò ràn án mọ́, láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe é ní Nàìjíríà.

Widal kò sí lára àwọn wọ̀nyí. Ohun ìgbèjà tí ara ń ṣe lòdì sí kòkòrò taifọ́ọ̀dù ló ń wá, kò gbin kòkòrò kankan, kò sì lè sọ oògùn tí yóò ṣiṣẹ́. Ara ẹni tó ti ní taifọ́ọ̀dù rí, tàbí tó ní ibà mìíràn, lè mú kí Widal ga. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbìn kí aláìsàn tó lo oògùn ni ẹ béèrè fún.

Ọ̀rọ̀ "Staph" náà tún wà níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ èrò pé òun ló ń jẹ́ kí abẹ́ máa yún ènìyàn, tí kì í jẹ́ kó bímọ, tó sì ń rìn káàkiri ara. Nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń gbé Staphylococcus aureus nínú imú láìsí àìsàn kankan. Bí orúkọ rẹ̀ bá jáde nínú èsì àtọ̀ tàbí ìtọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ara awọ ló ti wá.

Bí kò bá sí láàbù tó ń gbin kòkòrò nítòsí

Bébà tí a ń tì bọ ìtọ̀ lè fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì funfun àti nitrite wà, èyí sì ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá àrùn wà. Kò lè sọ oògùn tí kòkòrò ti borí. Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn gba ìtọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní oògùn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ nínú kúlà sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ pe láàbù náà ṣáájú kí ẹ tó gbéra.

Ìbéèrè tí ẹ lè bi láàbù kí ẹ tó sanwó:

- Ṣé ẹ ń gbin kòkòrò níbí, àbí ẹ ń fi ránṣẹ́ síta?
- Tábìlì wo ni ẹ ń lò, ti ọdún wo?
- Ṣé ẹ ń ṣe kòkòrò ìdíwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?
- Bí iná bá lọ lóru, kí ló ń gbé íńkúbétọ̀ yín ró?

Bí gbogbo oògùn bá jẹ́ R

1. Ẹ má lọ sí kẹ́míìsì. Ẹ mú èsì náà lọ bá dókítà lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.
2. Ẹ sọ fún láàbù kí wọ́n má da kòkòrò náà nù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò ti sun àwo yẹn.
3. Kí dókítà béèrè pé kí wọ́n fi kòkòrò náà ránṣẹ́ sí láàbù ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́, bí i UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò, kí wọ́n sì dán àwọn oògùn tí kò sí lórí dísìkì àkọ́kọ́ wò. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi pé dísìkì tó ti bàjẹ́ ló kọ R sí iwájú gbogbo wọn.
4. Bí aláìsàn bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ máa fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn mìíràn.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, bí àmì àrùn bá ti lọ, àyẹ̀wò mìíràn kò pọn dandan, àyàfi fún aláboyún. Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá kọjá lórí oògùn tó jẹ́ S tí ara kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yá, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ mú èsì àkọ́kọ́ àti páálí oògùn tí ẹ ń lò dání.